Bí A Ṣe Ń Bá Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ìtọ̀ Ṣúgà Gbé Láìjẹ́ Kí Wọ́n Borí Ẹni

Àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ méjì tí mo máa ń ṣàlàyé jù lọ gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ìdílé ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ìṣòro kan náà ni mo sì máa ń bá pàdé nídìí àwọn méjèèjì: ara kì í tètè ké. Ibà máa ń mú ara gbóná, eyín dídùn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa ru fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tó ni ín má fura rárá. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń sọ fún mi pé, "Dókítà, bí ó bá ti ga, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára." N kì í bá wọn jiyàn. N ó kàn ní kí wọ́n dá iye tí wọ́n rò pé ó jẹ́ kí n tó wọ̀n ọ́n, a ó sì jọ wo ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì bára mu. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níhìn-ín ni bí ẹ ó ṣe máa fi nọ́ńbà mọ ipò tí ara yín wà, bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn yín, bí ẹ ó ṣe máa tọ́jú ẹsẹ̀ yín, àti ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín.

Ohun tí àwọn nọ́ńbà náà ń sọ

Nọ́ńbà méjì ni a máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá sún kì láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá dẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú. mmHg ni a ń kọ tẹ̀ lé wọn, ìyẹn mílímítà mẹ́kúrì, nítorí pé òpó gíláàsì tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa lò. Scipione Riva-Rocci, dókítà ọmọ Ítálì, ló gbé irú ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá jáde ní 1896. Nígbà tí ó sì di 1905, Nikolai Korotkoff, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Rọ́ṣíà, fi hàn pé ènìyàn lè fi etí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan apá bí aṣọ ẹ̀rọ náà ṣe ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń tẹ́tí sí títí di òní nìyẹn nígbà tí ó bá gbé ohun èlò ìgbóhùn lé inú ìgbọ̀nwọ́ yín.

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá wà nísàlẹ̀ 120/80, ó dára. Bí ó bá tó 140/90 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ìwòsàn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé ni ẹ ti wọ̀n ọ́n, 135/85 ni ààlà, nítorí pé ara máa ń balẹ̀ nílé ju iwájú dókítà lọ. Kò dìgbà tí nọ́ńbà méjèèjì bá ga. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó láti mú wa fiyè sí i. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé ààlà tiwọn wá sí 130/80 ní 2017, nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye tó yàtọ̀ lẹ́nu dókítà méjì, kì í ṣe pé ọ̀kan ń purọ́.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, ìnsúlíìnì, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni ó yẹ kí ó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara kí ara lè fi ṣe agbára. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, ara kò ṣe ìnsúlíìnì mọ́, abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì sì ni aláìsàn fi ń wà láàyè. Nínú oríṣi kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ara ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ìpè rẹ̀ dáadáa mọ́, bí ọdún sì ṣe ń lọ, èyí tí ó ń ṣe náà á máa dín kù. Oríṣi kan tún wà tó máa ń yọjú nínú oyún. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 126 mg/dL tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ kí ẹnu tó kan nǹkan, tí a sì tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé. Ẹ̀rọ àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń lo òṣùwọ̀n mmol/L dípò mg/dL. 126 yẹn á wá di 7.0. Ẹ fi 18 pín nọ́ńbà ńlá náà, ẹ ó rí ti kékeré. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé mo ti rí ẹni tó yọ̀ ṣìnkìn pé ṣúgà òun ti já láti 180 wá sí 10, kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí a ń pè ní HbA1c, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ó ń wo bí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tó, níwọ̀n bí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kan sì ti máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, ó máa ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn wá. 6.5% sókè ni ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti wà lórí ìtọ́jú ni a máa ń fẹ́ kí tiwọn wà nísàlẹ̀ 7%, a sì máa ń dẹ okùn náà díẹ̀ fún arúgbó tàbí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já lójijì. Àwọn tó máa ń ṣọ́ra fún oúnjẹ ní ọjọ́ méjì péré ṣáájú kí wọ́n tó wá rí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí kò ṣeé tàn.

Bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé

Ẹ wá ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá òkè, kì í ṣe èyí tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, nítorí pé ti ọrùn ọwọ́ máa ń ṣì wá lọ́nà bí ọwọ́ kò bá ti wà ní ọ̀gangan ọkàn gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò wọn àyíká apá yín láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bọ́ sáàárín ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀rọ náà. Aṣọ tó kéré jù fún apá ńlá yóò máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ga ju bí ó ṣe ga lọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń fi oògùn kún oògùn fún, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ẹ̀rọ nìkan ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kí a wọ̀n yín pẹ̀lú tiyín àti tiwa, kí a lè mọ̀ bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí ojú mi máa ń rí. Obìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí pé ó ti pẹ́. Ó jókòó sí etí àga, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè títí tó fi di okùn ní abẹ́ èjìká, apá rẹ̀ sì ń rọ̀ jọ̀jọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń ròyìn fún nọ́ọ̀sì bí ọ̀nà ṣe dí. Ẹ̀rọ ní 168/98. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ tọ̀, kó gbé báàgì sílẹ̀, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀, kó yọ apá kúrò nínú aṣọ, kó sì gbé apá náà lé orí tábìlì. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi dákẹ́, ó sì ṣe é bí ẹni pé ìyà ni. Nígbà tí a tún un wọ̀n, ó di 142/86. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gba ti 168 gbọ́, oògùn kejì ni ǹ bá kọ fún un lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ohun tí mo ní kí obìnrin yẹn ṣe ni kí ẹ máa ṣe nílé. Ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá, ẹ má sì ṣe eré ìdárayá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ lọ tọ̀, nítorí pé ìtọ̀ tó kún inú àpò rẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí fóònù lọ́wọ́. Ẹ wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ awọ ara gan-an, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi nǹkan bí ìka méjì ga ju ibi tí apá ti ń ṣẹ́ lọ, kí ó sì wà ní ọ̀gangan ọkàn; apá tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ yóò fi iye tó ga ju òótọ́ lọ hàn. Ẹ má sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí, kì í ṣe èyí tó wù yín nínú wọn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, ẹ wọn apá méjèèjì. Apá tí tirẹ̀ bá ga jù ni kí ẹ máa lò láti ìgbà náà lọ. Kì í ṣe dandan kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ayé yín. Ọjọ́ méje tó ṣáájú ìpàdé wa ni mo nílò: láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun tàbí lo oògùn, àti lálẹ́ kí ẹ tó sùn. N ó pa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ tì, n ó sì fi ti ọjọ́ mẹ́fà yòókù ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ nítorí ẹ̀rù, ẹ̀rù náà ni ó ń wọ̀n.

Ìwọ̀n ilé yìí tún máa ń tú àṣírí oríṣi ènìyàn méjì. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ru àfi bí wọ́n bá rí aṣọ funfun dókítà. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn máa ń rọlẹ̀ níwájú wa, tí yóò sì ga nílé àti níbi iṣẹ́. Àwọn ẹni kejì yìí ni mo ń bẹ̀rù fún jù, nítorí pé ìwé wọn mọ́ tónítóní nílé ìwòsàn.

Bí a ṣe ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀

Èyí kò le tó ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àṣìṣe kan ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: ọwọ́ ìdọ̀tí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èso tán, tó sì gún ìka láìfọ ọwọ́, omi èso tó wà lójú ìka rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, nítorí pé omi náà máa ń po ẹ̀jẹ̀. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe àárín ojú rẹ̀, nítorí pé àárín ló ń dunni jù, òun náà sì ni a fi ń tẹ nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìka. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tètè jáde, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ má fún ìka náà bí ẹni ń fún ọsàn. Ẹ máa dé ìgò tí àwọn pélébé àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀ pa, nítorí pé ọ̀rinrin ń bà wọ́n jẹ́, kí ẹ sì máa wo ọjọ́ tí wọn kò ní wúlò mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá yín lo abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń gún ìka, ì báà ṣe ọkọ tàbí aya yín.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, láàárín 80 àti 130 mg/dL ni a fẹ́ kó wà kí ẹ tó jẹun, kó sì wà nísàlẹ̀ 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹni tó ń gba ìnsúlíìnì yóò máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Ẹni tó ń lo metformin nìkan, ìyẹn oògùn oníhóró fún ìtọ̀ ṣúgà, lè má nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ bi dókítà yín léèrè ìgbà tí ó fẹ́, kí ẹ má baà máa gún ìka lásán.

Oògùn

Ní 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn kan pé, kódà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Dókítà, ó ti wá sílẹ̀, mo ti dáwọ́ oògùn dúró." Oògùn ló mú un wá sílẹ̀. Àìsàn náà kò lọ, ó lúgọ ni, bí ẹ bá sì dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ yóò tún gòkè, kò sì ní ránṣẹ́ sí yín kó tó gòkè. Àwọn oògùn kan, irú bí clonidine àti àwọn tí orúkọ wọn parí sí "-olol", burú láti já lójijì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí kí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Ìdí kejì tí àwọn ènìyàn fi ń dáwọ́ dúró ni pé oògùn náà ń dà wọ́n láàmú, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ń húkọ́ gbígbẹ tí kò lọ bọ̀rọ̀, tí orúkọ oògùn yín sì parí sí "-pril", bí lisinopril tàbí ramipril, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oògùn náà ló ń fa ikọ́, a ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ọrùn ẹsẹ̀ yín bá ń wú lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó, kó má baà máa jí yín lóru. Metformin máa ń da inú rú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ sì ní sùúrù fún un, nítorí pé ó sábà máa ń lọ. Obìnrin tó lóyún tàbí tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kíákíá, nítorí pé àwọn oògùn "-pril" àti losartan lè ṣe ọmọ inú léṣe.

Lọ́dọọdún ni kí ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, kí ẹ gbé e wá: ti dókítà, ti ìbílẹ̀, èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín, èyí tí ẹ fúnra yín rà nítorí orí fífọ́. Mo da irú àpò bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ kan, mo bá páálí méjì tí orúkọ ara wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí oògùn inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìlọ́po méjì ni aláìsàn náà ti ń lò láti oṣù mélòó kan. Nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti máa ń rí àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, tí wọ́n sì ń pa kíndìnrín lára. Bí ẹ bá gbàgbé oògùn ọjọ́ kan, ẹ má fi ti ọjọ́ kejì lé e láti dí àlàfo.

Ẹni tó ń gba ìnsúlíìnì, ẹ tọ́jú èyí tí ẹ kò tíì ṣí sínú fíríìjì, láàárín 2 àti 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì jìnnà sí ibi tí yìnyín wà, nítorí pé èyí tó bá ti dì kò wúlò mọ́. Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ kò bá gbóná jù. Ẹ máa yí ojú ibi tí ẹ ń gún ká, kí ẹran ibẹ̀ má baà le gbandi. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ìnsúlíìnì bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ní January 1922 ni ọmọdékùnrin ẹni ọdún 14 kan ní Toronto kọ́kọ́ gbà á lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí Frederick Banting àti Charles Best ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; kó tó di ìgbà náà, ikú ni ìtọ̀ ṣúgà oríṣi àkọ́kọ́.

Bí ṣúgà bá já sílẹ̀ lójijì

Ẹni tó ń gba ìnsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide àti glimepiride ni èyí ń ṣe jù. Òógùn tútù yóò bò ó, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò máa pa á lódì, ọkàn yóò máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ṣúgà ti já nìyẹn. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ má dúró wá a. Ẹ fún un ní ṣúgà tó tó gíráàmù 15: ṣíbí ńlá kan tí a pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un fún un. Bí ó bá ti gòkè, kó jẹ oúnjẹ gidi, nítorí pé ṣúgà tó yára wọlé yára ń jáde. Bí ó bá ti dákú tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì pe àwọn elétò pàjáwìrì.

Ẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn onítọ̀ ṣúgà létí títí wọn yóò fi máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan jókòó níwájú mi nítorí ọ̀rọ̀ ojú, mo ní kó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí a fi omi rẹ̀ ẹ́ kúrò, ìṣó kékeré kan ti yọ orí láti ìsàlẹ̀ bàtà náà wọ inú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń fi rìn láti àárọ̀ láìmọ̀. Kò dùn ún rárá. Ṣúgà tó pẹ́ lára ti pa iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wá wo ojú ọgbẹ́ sàn náà kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ènìyàn nìyẹn, láti ara ìṣó tí kò dunni.

Lálẹ́ lálẹ́, ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àárín ìka ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbé dígí sílẹ̀ láti wo àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ẹlòmíràn bá yín wò ó. Ẹ máa fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi gbígbóná wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ lè fi ìpara pa ibi tó gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín ìka. Ẹ gé èékánná lọ tààrà, ẹ má fi abẹ gé ibi tó le lẹ́sẹ̀ fúnra yín. Kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ sì gbọn ohun tó bá wà níbẹ̀ dànù. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kódà nínú ilé. Bí dókítà bá fi fọ́nrán ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín tí ẹ di ojú, tó sì ń bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n, kì í ṣeré. Ìmọ̀lára ló ń wá.

Iyọ̀, ìrìn àti sìgá

Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó ti wà nínú oúnjẹ tí a rà ní sísè. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó. Ẹ lè pín in sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó ń mu sìgá, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kò sí oògùn tí mo lè kọ tí yóò ṣe é lóore tó kó fi sìgá sílẹ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ sáré

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó 180/120 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà sì ń dunni, tí mímí ń ṣòro, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ènìyàn kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ga bẹ́ẹ̀ láìsí ohunkóhun nínú ìwọ̀nyí, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n, bí kò bá sì yí padà, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi oògùn ẹlòmíràn kún tiyín.

Ní ti àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín, kó gbé apá méjèèjì sókè, kó sì sọ gbólóhùn kan. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan bá wọ́, tí apá kan bá ń já bọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò bá yọ mọ́, ẹ wo aago. Àkókò tí èyí bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín, nítorí pé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni a sábà máa ń fún ènìyàn.

Onítọ̀ ṣúgà tó bá ń bì, tí inú ń rún un, tó ń mí jinlẹ̀-jinlẹ̀, tí oorun sì ń kùn ún lọ́sàn-án gangan, ẹ má dúró di ọ̀la fún un. Bákan náà ni ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tó bá dúdú, tó ń rùn, tàbí tó mú ibà dání.

Ohun tí ẹ ó bi dókítà

Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, ẹ bèèrè àyẹ̀wò inú ojú, àyẹ̀wò ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ kíndìnrín hàn, àti àyẹ̀wò ẹsẹ̀. Ti kíndìnrín kan ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. HbA1c, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni títí yóò fi dé ibi tí a fẹ́, lẹ́yìn náà ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ bèèrè iye tí dókítà fẹ́ kí ẹ máa lé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà yín sí.

Kí aláìsàn tó dìde níwájú mi, mo máa ń ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ fún mi. Bí kò bá lè sọ ọ́, èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà tiyín kò bá bèèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi tún un ṣe."